Ọgọ́rùn-ún Dígírì Nìkan Kọ́: Bí Ìgbóná Àti Ìfúnpá Ṣe Ń Pín Ipò Omi

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jókòó síbí, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda àsìkò yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí Abẹ́òkúta lónìí dá lórí omi, kò sì sí ẹni tí kò mọ omi nínú wa. A ti rí i nígbà tó ń ṣàn nínú odò Ògùn, a ti rí i nígbà tó dì gbagidi nínú fírísà, a sì ti rí i nígbà tó ń hó lórí iná, tó di oru, tó bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ohun tó ń pinnu èwo nínú ipò mẹ́ta yìí ni omi yóò wà. Bí a bá bi ọmọ iléèwé, yóò dáhùn wéré pé ìgbóná ni: bí omi bá tutù dé 0°C, á dì, bí ó bá gbóná dé 100°C, á hó. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ìdajì kejì ni ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ohun tó yí omi ká fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó dá mi lójú pé ìdajì tí a máa ń fò yìí gan-an ló ṣàlàyé púpọ̀ nínú ohun tí ojú wa ń rí ní ilé ìdáná, lójú títì àti ní ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń tẹ omi. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú ní ìwúwo. Evangelista Torricelli, ọmọ Ítálì, ló fi èyí hàn ní nǹkan bí 1643, nígbà tí wọ́n da mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, kún ọ̀pá gíláàsì kan, tí wọ́n dojú ọ̀pá náà dé inú àwo tí mẹ́kúrì wà, tí mẹ́kúrì inú ọ̀pá sì sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dúró ní gíga bíi sẹ̀ǹtímítà 76. Afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ojú mẹ́kúrì inú àwo ló gbé e dúró níbẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, lórí gbogbo àyè tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, afẹ́fẹ́ ń fi agbára tó tó ìwúwo kílò kan tẹ ohun gbogbo: ara wa, tábìlì iwájú wa, àti ojú omi inú ìkòkò. A kì í mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ìhà gbogbo ló ti ń tẹ̀ wá, ó sì wà nínú wa bó ṣe wà lóde.

Nínú omi, àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mólékù, kì í dúró sójú kan. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni wọ́n ṣe ń sáré sí i. Èyí tó bá yára jù lójú omi a máa já kúrò lára àwọn yòókù, a sì fò sínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí omi fi ń di oru ní gbogbo ìwọ̀n ìgbóná, tí kì í dúró de 100°C. Láfún tí àwọn ìyá wa ń sá sórí àpáta kì í hó kí ó tó gbẹ. Omi inú àmù ń gba ara àmù yọ díẹ̀díẹ̀, ó ń di oru, ó sì ń kó ìgbóná lọ lára omi tó kù, ìyẹn ló fi ń tutù láìsí iná mànàmáná.

Híhó yàtọ̀ sí èyí. Nígbà tí omi bá ń hó, ojú rẹ̀ nìkan kọ́ ni oru ti ń jáde. Nísàlẹ̀ ìkòkò, nínú omi gan-an, ni ìfófò oru ti ń yọ, tó ń wú, tó sì ń gòkè. Kí irú ìfófò bẹ́ẹ̀ tó lè dúró, agbára tí oru inú rẹ̀ fi ń tì síta gbọ́dọ̀ tó agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Bí kò bá tó o, ìfófò náà á pa dé kí ó tó yọ. Ní 25°C, agbára oru omi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 32 agbára afẹ́fẹ́ lọ. Ní 60°C, ó di ìdá kan nínú márùn-ún. Ní 80°C, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ní 100°C ni àwọn méjèèjì wá dọ́gba, omi sì hó. Ẹ ò rí i pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti omi nìkan. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí ohun tó ń tẹ omi bá dínkù, nọ́ńbà náà á wálẹ̀. Bí ó bá pọ̀ sí i, á gòkè.

Anders Celsius mọ èyí dáadáa. Nígbà tí ọmọ Swídìn yìí gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ ní 1742, ó fi 0 sí ibi tí omi ti ń hó, ó fi 100 sí ibi tí yìnyín ti ń yọ́, òdì kejì ohun tí à ń lò lónìí. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé ibi tí omi ti ń hó a máa yí padà pẹ̀lú ìfúnpá afẹ́fẹ́, ó sì kà á sí nínú ètò rẹ̀. Ó dùn mí pé nọ́ńbà náà ló délé fún ọ̀pọ̀ wa, tí àlàyé tó bá a rìn sì sọnù lójú ọ̀nà.

Kí ó má baà dà bí ìtàn lásán, mo mú sírínjì tuntun kan wá, èyí tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, pẹ̀lú ife omi kan tó gbóná tó nǹkan bí 60°C. Omi yìí kò hó. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ á yára fà á yọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ parọ́rọ́ ni. Mo fa díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú sírínjì náà, mo dojú rẹ̀ sókè, mo lé afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ jáde, mo fi ìdérí rọ́bà dí ẹnu rẹ̀ pinpin, mo wá fa ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú agbára. Àwọn tó jókòó níwájú rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìfófò kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ara ògiri sírínjì náà, wọ́n ń tóbi, wọ́n ń gòkè, omi náà sì ń hó gidi, bẹ́ẹ̀ kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo jọ̀wọ́ ọ̀pá, ó sáré padà sáyè rẹ̀, híhó náà sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. N kò fi ìgbóná kan kún omi yẹn. Ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ni mo mú kúrò. Ẹ̀yin olùkọ́, kò sí iléèwé tí kò lè ṣe èyí, sírínjì kan àti omi gbígbóná ti tó, bí ẹ bá ti ṣọ́ra kí omi má jó ọmọ kankan.

Òkè gíga ń ṣe ohun tí sírínjì yìí ṣe, nítorí pé bí a bá ṣe ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ tó kù lórí wa ń dínkù. Bí a bá gbé ìkòkò omi dé orí òkè Olúmọ, tó ga tó mítà 137 sí ojú òkun, omi náà á hó kí ó tó dé 100°C, ṣùgbọ́n ohun tó fi dín kò tó ìdajì dígírì, kò sì sí alásè tí yóò mọ̀. Ní ìlú Jos, tó wà ní gíga bíi mítà 1,200, ìyàtọ̀ náà ti tó dígírì mẹ́rin: ní nǹkan bí 96°C ni omi ti ń hó níbẹ̀, ẹ̀wà sì máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó rọ̀. Lórí òkè Everest, tó ga ní mítà 8,849, nǹkan bí 70°C ni. Ní 1835, nígbà tí Charles Darwin ń la òkè Andes kọjá ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn tó bá a rìn gbé ànàmọ́ òyìnbó ka iná, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n tún sè é ní òwúrọ̀, ànàmọ́ náà kò jinná. Wọ́n gbà láàárín ara wọn pé ìkòkò tuntun yẹn ló kọ̀ tí kò fẹ́ se ànàmọ́. Omi wọn kúkú ń hó. Ṣùgbọ́n omi tó ń hó lórí òkè kò gbóná tó omi tó ń hó ní ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, ìgbóná ló sì ń se oúnjẹ, híhó kọ́.

Ibí ni mo ti fẹ́ bá àwọn tó ń dáná sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí pé owó gáàsì ti di ẹrù lórí ọ̀pọ̀ ilé. Láti mú kílò omi kan kúrò ní 28°C dé 100°C, agbára iná tí yóò gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílójúùlù 300. Láti wá sọ kílò kan náà di oru pátápátá ní 100°C, yóò gba kílójúùlù 2,257, ìyẹn ìlọ́po méje àti ààbọ̀. Iná tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mú omi hó yóò lo bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí omi náà tó gbẹ tán. Ní gbogbo àsìkò yẹn, bí ìkòkò bá ṣí sílẹ̀, omi kò ní gbóná ju 100°C lọ, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Gbogbo agbára tí a ń dà sí i, oru ló ń kó o lọ. Ẹni tó bá ń se ẹ̀wà, tí omi rẹ̀ ti hó, tó sì jẹ́ kí iná máa jó fòò, owó rẹ̀ ló ń bá oru lọ, ẹ̀wà náà kò ní tìtorí rẹ̀ yá. Kí ó rẹ iná sílẹ̀, kí ó sì de ìkòkò. Agbára tí oru kó pamọ́ yìí náà ló fi ń jóni ju omi híhó lọ: nígbà tí oru bá bà lé ọwọ́ ẹni tó ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín, tó sì padà di omi lára awọ, gbogbo ohun tó kó lórí iná ló ń dà sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí a bá fẹ́ kí omi gbóná ju 100°C lọ, a ní láti tẹ̀ ẹ́. Denis Papin, ọmọ Faransé, ṣe èyí ní 1679 nígbà tó ń gbé ní London: ó ṣe ìkòkò irin tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin, tí oru kò lè jáde, ó sì fi ihò kékeré kan sí i tí ohun wíwúwo dí, kí oru lè gbé e bí ìfúnpá bá ti ń di ewu. Ìkòkò pírẹ́ṣà tó wà nílé wa lónìí kò yàtọ̀ sí i. Nígbà tí ìfúnpá inú rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì ti afẹ́fẹ́, nǹkan bí 120°C ni omi yóò tó hó, ẹran tó le á sì rọ̀ ní ìwọ̀nba àkókò. Ọ̀nà kan náà ni ilé ìwòsàn fi ń pa kòkòrò àrùn lára irin iṣẹ́ abẹ. Àwọn kòkòrò kan wà tó máa ń fi èèpo líle bo ara wọn, tí omi híhó lásán kò lè pa. Ṣùgbọ́n oru tó wà ní 121°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa ń pa wọ́n.

Ewu ibẹ̀ kò kéré, mo sì fẹ́ kí a mọ bó ṣe jẹ́. Ká ní lítà omi márùn-ún wà nínú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní 120°C, ẹnì kan sì fi ipá ṣí i kí ìfúnpá rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta nìkan ló kù tó ń tẹ omi náà, ó sì ti gbóná ju ibi tó yẹ kó ti hó lọ. Kò ní hó díẹ̀díẹ̀; ibi gbogbo nínú rẹ̀ ni yóò ti hó lẹ́ẹ̀kan náà, títí yóò fi sọ̀ dé 100°C. Nǹkan bíi gíráàmù 190 nínú omi náà ni yóò di oru, oru yìí yóò sì gba àyè tó tó lítà 300. Ìbúgbàù ni. Rédíétọ̀ ọkọ̀ kò yàtọ̀. Ìdérí rẹ̀ ni wọ́n ṣe láti mú kí ìfúnpá inú rẹ̀ ju ti ìta lọ, kí omi rẹ̀ má baà hó ní 100°C. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbóná lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, tó bọ́ sílẹ̀, tó fi àkísà mú ìdérí náà tó sì yí i, òun fúnra rẹ̀ ló mú ìfúnpá kúrò lórí omi tó ti kọjá ibi híhó. Mo bẹ ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì: ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù ná.

Agbára yìí kan náà, bí a bá dè é sí ibi tó yẹ, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Lítà omi kan tó bá di oru ní 100°C á gba àyè tó lé ní lítà 1,600. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, tí wọ́n gbà á gba Abẹ́òkúta yìí, tí wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, oru omi tí wọ́n há mọ́ inú àgbá irin ló ń ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. A ti gbàgbé ọkọ̀ olóoru, ṣùgbọ́n oru kò tíì kúrò nídìí iṣẹ́: ní ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin, lẹ́bàá Ìkòròdú, tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, gáàsì ló ń se omi, oru omi ló sì ń yí ẹ̀rọ.

Ìhà òtútù ńkọ́? Níbẹ̀, omi ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ nǹkan kò ní. Nǹkan púpọ̀ a máa sún kì bí wọ́n bá dì. Omi a máa wú. Ohun tó fi ń wú tó nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá mọ̀ pé èyí tó dì máa ń le, tó sì máa ń yọ ikùn, ẹni tó bá sì gbàgbé ìgò omi sínú fírísà á bá àfọ́kù ní òwúrọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú yìnyín, mólékù kọ̀ọ̀kan di àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú láti ọ̀nà tó jìn díẹ̀, bí àwọn oníjó tó na ọwọ́ di ara wọn mú ṣe máa ń gba àyè ju èrò tó kàn fún ara wọn lọ. Nítorí náà, bí a bá tẹ yìnyín, ńṣe ni à ń ràn án lọ́wọ́ láti yọ́, nítorí pé omi ṣíṣàn ló gba àyè tó kéré jù.

Ṣùgbọ́n níbí ìfúnpá kò yára ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ oru. Kí ibi tí yìnyín ti ń yọ́ tó fi dígírì kan lọ sílẹ̀, a ní láti fi agbára tó tó ìlọ́po 130 ti afẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí ló fà á tí fírísà Abẹ́òkúta àti ti Jos fi ń sọ omi di yìnyín ní ìwọ̀n kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé híhó omi wọn kò dọ́gba. Ó gba ohun tó wúwo bí yìnyín Antarctica kí a tó rí ìyàtọ̀: lábẹ́ yìnyín tó nípọn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin níbẹ̀, adágún omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Vostok, omi rẹ̀ tutù tó nǹkan bí dígírì mẹ́ta sísàlẹ̀ 0°C, síbẹ̀ kò dì.

Bí a bá ń dín ìfúnpá kù láìdáwọ́ dúró, ibi tí omi ti ń hó á máa sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi bá ibi tí omi ti ń dì. Wọ́n pàdé ní 0.01°C, nígbà tí ìfúnpá bá jẹ́ Pascal 611, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ti afẹ́fẹ́ wa. Níbẹ̀, yìnyín, omi àti oru lè jọ wà nínú ìgò kan náà, kí ọ̀kan má sì lé èkejì jáde. Láti 1954 títí di 2019, ibi ìpàdé yìí ni gbogbo ayé fi ń ṣe ìpìlẹ̀ òṣùwọ̀n ìgbóná. Nísàlẹ̀ ìfúnpá yẹn, kò sí omi ṣíṣàn mọ́. Yìnyín tó bá gba ìgbóná á di oru tààrà. Ní pílánẹ́ẹ̀tì Mars, ìfúnpá afẹ́fẹ́ kò jìnnà sí Pascal 611 yìí, ní ibi púpọ̀ kò sì tó o. Ní 2008, ẹ̀rọ Phoenix tí Amẹ́ríkà rán lọ síbẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, ó sì ya àwòrán àwọn ìṣù funfun kéékèèké nínú kòtò. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà àwọn ìṣù náà ti pòórá láì fi omi kankan sílẹ̀, èyí ló sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ gbà pé yìnyín ni wọ́n. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa ń rí iṣẹ́ ọ̀nà yìí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó máa ń dé sọ́wọ́ yín bí ìyẹ̀fun kí ẹ tó fi omi pò ó, dídì ni wọ́n kọ́kọ́ mú un dì, wọ́n wá fa afẹ́fẹ́ kúrò lórí rẹ̀ kí yìnyín inú rẹ̀ lè di oru lọ láìjẹ́ pé ó yọ́. Bí wọ́n bá fi iná gbẹ ẹ́ ni, iná á bà á jẹ́.

Ní òdì kejì, ìsàlẹ̀ òkun wà. Ní 1979, àwọn onímọ̀ tó fi ọkọ̀ abẹ́ omi wọ ìsàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì, ní jíjìn bíi mítà 2,600, rí ibi tí omi ti ń tú jáde láti inú àpáta ní ìgbóná tó lé ní 350°C. Omi náà kò hó, nítorí pé ìfúnpá tó wà lórí rẹ̀ lé ní ìlọ́po 250 ti afẹ́fẹ́. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá tún gbóná kọjá 374°C, tí ìfúnpá rẹ̀ sì ju ìlọ́po 218 lọ, ìyàtọ̀ láàárín omi ṣíṣàn àti oru á parẹ́ pátápátá. A kò ní lè tọ́ka sí ojú omi kankan mọ́.

Ìfúnpá sì lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Percy Bridgman, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1946 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìfúnpá gíga, fi hàn pé yìnyín tí a mọ̀ yìí kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Bí a bá fi agbára tó tó nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ti afẹ́fẹ́ tẹ omi, ó lè dì nínú yàrá tí a jókòó sí yìí láìsí òtútù kankan. Bí a bá sì tún tẹ̀ ẹ́ sí i, á dì kódà ní 100°C. Yìnyín bẹ́ẹ̀ kò léfòó lójú omi bíi ti inú fírísà, ńṣe ló ń rì. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí i nínú òkúta dáyámọ́ǹdì tó ti inú ilẹ̀ jíjìn wá: omi tí dáyámọ́ǹdì há mọ́ inú nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tí òkúta náà kò sì jẹ́ kí ìfúnpá rẹ̀ tú sílẹ̀ títí wọ́n fi gbé e dé orí ilẹ̀.